Ẹ kọ́kọ́ wá táyà rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: Ọ̀rọ̀ lórí alùpùpù ńlá tòkunbọ̀ fún ẹ̀yin oníṣòwò Ìjẹ̀bú-Òde

Aránṣọ kan wà tí mo mọ̀ dáadáa n'Ìjẹ̀bú-Òde, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí Fọlágbadé. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ló ní, iṣẹ́ sì máa ń pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an, pàápàá tí ọdún Iléyá bá ti ń súnmọ́ tí àwọn régbérégbé bá ń kó aṣọ Ojúde Ọba wá. Lẹ́yìn ọdún kan báyìí, nígbà tí àwọn oníbàárà ti san gbogbo owó tí wọ́n jẹ ẹ́, tí àjọ tó ń dá náà sì kàn án, ọkùnrin yìí kó owó jọ, ó gba ọ̀nà Èkó lọ, ó sì gun alùpùpù ńlá kan bọ̀ wálé. Dúdú ni, ó rẹlẹ̀, àga kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀, táyà rẹ̀ sanra bíi ti mọ́tò, ohùn sàlẹ́ńsà rẹ̀ sì ń dún kíkankíkan bí ìlù gbẹ̀du. Gbogbo àdúgbò ló jáde wò ó. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ni táyà iwájú bẹ́ lójú ọ̀nà Òdógbolú. Ọlọ́run yọ ọ́, kò ṣubú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà náà ni 130/90-16. Gbogbo ilé ìtajà páàtì ọ̀kadà tó wọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti ń bi í bóyá táyà mọ́tò ló ń wá. Ó lọ sí Ìbàdàn, kò rí i. Èyí tó rí l'Ékòó ti gbó sórí igbá, ara rẹ̀ ti sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni alùpùpù náà fi wà lábẹ́ tapólì níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ ìránṣọ oníná kejì tó yẹ kó fi owó yẹn rà kò sì sí nílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ọdún Kérésì dé.

Ọkùnrin yìí kì í ṣe òmùgọ̀ o. Ó ná ọjà náà dáadáa, ó tilẹ̀ mú mẹkáníìkì dání. Ohun tí kò mọ̀ ni pé owó tí ènìyàn ń kà lé ọwọ́ ẹni tó ń ta irú máṣíìnì yìí kọ́ ni iye owó rẹ̀. Iye owó rẹ̀ gan-an wà nínú táyà, nínú páàtì, nínú ọjọ́ tí kò ní lè rìn, àti nínú ọjà tí ẹ ìbá fi owó náà rà. Ìyẹn la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, nítorí àwọn tó ń béèrè nípa rẹ̀ lọ́wọ́ wa ń pọ̀ sí i, oníṣòwò kéékèèké sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Bobber ni Òyìnbó ń pe irú alùpùpù bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tan mọ́ gígé nǹkan kúrú, bí ìgbà tí wọ́n bá gé ìrù ẹṣin kù bíńtín. Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀, láàárín ọdún 1930 sí 1950. Àwọn ọ̀dọ́ á mú alùpùpù tó wúwo, wọ́n á yọ mọ́dígáàdì iwájú dànù, wọ́n á gé ti ẹ̀yìn kúrú, wọ́n á sì tú gbogbo ohun tí kò bá wúlò kúrò lára rẹ̀ kó lè fúyẹ́, kó lè sáré. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí lọ́dún 1945, àwọn sọ́jà tó ti ojú ogun bọ̀ sọ àṣà náà di ńlá, nítorí alùpùpù Harley-Davidson tí wọ́n ṣe fún àwọn ológun wá pọ̀ nílẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Lóde òní, ilé iṣẹ́ fúnra wọn ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀ látilẹ̀. Triumph gbé Bonneville Bobber tiwọn jáde fún ọdún 2017, Honda náà sì gbé Rebel tuntun tó fara jọ ọ́ jáde lọ́dún yẹn kan náà. Àmọ́ àwọn tó ṣeé ṣe kí ẹ bá pàdé lọ́wọ́ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ: Honda Shadow tó ti wà láti ọdún 1983, Rebel àtijọ́, Yamaha Virago àti V Star, Kawasaki Vulcan, Suzuki Savage. Àwọn kan wà bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe wọ́n. Àwọn kan sì wà tí ajórin ti gé, tó ti jó, tó sì ti kùn lọ́dà dúdú. Ẹ fi ìyàtọ̀ méjèèjì yìí sọ́kàn, a máa padà sórí rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú kò ní béèrè ìdí tí nǹkan yìí fi wu àwọn èèyàn. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn ìdílé Balógun bá ń gun ẹṣin wọlé ní Ojúde Ọba, ta ni kò ní wù kóun náà wà lórí nǹkan? Lọ́dún 2024, ẹ rí bí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin ṣe gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan. Ẹṣin ń jẹ koríko, ó ń ṣàìsàn, ó sì ń fẹ́ olùtọ́jú. Àwọn ọ̀dọ́ oníṣòwò wa wá rò pé ẹṣin onírin yóò rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bóyá ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ síra wa. Alùpùpù yìí kì í ṣe ti ẹrù. Àga kan ló ní, kò síbi tí ẹ ó so àpò gaàrí mọ́, ẹ kò lè gbé ọmọ iṣẹ́ yín sẹ́yìn lọ jíṣẹ́ fún oníbàárà. Mọ́dígáàdì tí wọ́n gé tó fi rẹwà yẹn, tí òjò bá rọ̀, ẹ̀yìn aṣọ yín ni gbogbo potopoto ọ̀nà yóò wà. Ikùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó sì máa ń ha mọ́ òkìtì tí wọ́n fi ń dín eré kù lójú títì, ká má tíì sọ ti ọ̀nà oko. Táǹkì epo ọ̀pọ̀ wọn kéré. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, gbogbo wa la mọ ohun tí epo ń fojú wa rí, ẹ́ńjìnnì ńlá sì ń mu ju ti kékeré lọ ní ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ pé ohun tí yóò máa gbé ọjà láti Òkè-Ajé lọ sí Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó lẹ ń wá, ẹ lọ ra Bajaj Boxer tàbí irú rẹ̀, kí ẹ sùn fọnfọn. Kò sí oríta tí ẹ ò ti ní rí páàtì rẹ̀ àti ẹni tó mọ̀ ọ́n tú.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n tú yìí ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ọdún 1983 ni olóyè Gabriel Igbinedion dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air sílẹ̀, tó fi orúkọ ìlú rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn fi orúkọ ọkọ̀ òfuurufú náà pe àwọn alùpùpù tó ń gbé èrò, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ wọn di òní. Àwọn alùpùpù èrò wọ̀nyí, ẹ́ńjìnnì kékeré ni wọ́n ní, sìlíńdà kan, kábúrétọ̀ kan, ṣéènì tó ń yí táyà ẹ̀yìn. Orí wọn ni àwọn mẹkáníìkì wa ti kọ́ṣẹ́. Tí ẹ bá wá gbé ẹ́ńjìnnì tó ní sìlíńdà méjì, kábúrétọ̀ méjì tó gbọ́dọ̀ máa mí pọ̀, àti omi tó ń yí káàkiri inú rẹ̀ fún wọn, iṣẹ́ yín ni wọn ó fi kọ́ ọ. Mi ò bú wọn o. Àwọn tó mọ̀ ọ́n wà, pàápàá l'Ékòó, ṣùgbọ́n ẹ bá ẹni náà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó rà á, kí ẹ mọ ohun tó ń gbà.

Nítorí náà, tí ẹ bá bi mí, èmi ò ní ní kí ẹ ra èyí tó tóbi jù. Honda Rebel 250 àtijọ́, tí wọ́n ṣe láti 1985 títí dé 2016, àti Yamaha Virago 250, àwọn méjèèjì kéré lóòótọ́, sìlíńdà méjì-méjì ni wọ́n sì ní, ṣùgbọ́n kábúrétọ̀ kan ṣoṣo ló ń fún wọn lépo, ṣéènì ló ń fa táyà ẹ̀yìn wọn, afẹ́fẹ́ ló ń tù wọ́n lára. Táyà iwájú àwọn méjèèjì jẹ́ 3.00-18, ìwọ̀n tí ilé ìtajà páàtì ọ̀kadà lásán-làsàn lè ní. Ti ẹ̀yìn nìkan ni yóò dà yín láàmú, nítorí 130/90-15 ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí tirẹ̀ tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ lè wo Suzuki Savage. Ó tó 652cc, síbẹ̀ sìlíńdà kan ló ní àti kábúrétọ̀ kan. Bẹ́líìtì ló ń fa táyà rẹ̀ dípò ṣéènì. Kì í fẹ́ ọ́ìlì, ó sì máa ń pẹ́, àmọ́ lọ́jọ́ tó bá já, ẹ ò ní rí i rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Yamaha V Star 650 ní tirẹ̀ kò ní ṣéènì, kò sì ní bẹ́líìtì, ọ̀pá irin ló ń yí táyà rẹ̀ bíi ti mọ́tò, ìyẹn kì í sì í fìtínà ẹni tí ọ́ìlì rẹ̀ bá pé.

Bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà táyà nìyí, kí ẹnikẹ́ni má fi rẹ́ yín jẹ. Nínú 130/90-16, 130 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà, 90 ni pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, 16 sì ni ìwọ̀n ríìmù ní íǹṣì. Ẹ tún wá nọ́ńbà mẹ́rin kan tí wọ́n fi àmì róbótó yí ká lára rẹ̀. Tí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà lè nípọn, kí ihò ara rẹ̀ ṣì jìn bíi ti tuntun, kó sì ti gbó láti inú. Irú èyí ló bẹ́ mọ́ aránṣọ wa lẹ́sẹ̀. Kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ sílẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà táyà méjèèjì sínú ìwé, ẹ lọ wá wọn káàkiri pẹ̀lú ẹsẹ̀ yín tàbí lórí fóònù. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún bàtìrì, fún páàdì bíréèkì, fún kílọ́ọ̀ṣì. Èyí tí ẹ ò bá rí ẹni tó máa tà á fún yín láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ tó bá bàjẹ́, alùpùpù náà yóò lọ jókòó sábẹ́ tapólì.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ wò ó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ti tan iná rẹ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Tó bá ti gbóná, a jẹ́ pé ó ṣòro láti jí láàárọ̀, ẹni tó ń tà á sì mọ̀. Èéfín tó bá ń yọ bíi búlúù ń sọ pé ọ́ìlì ló ń jó. Ẹ ṣí táǹkì epo, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀; ìpáta tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni yóò máa di kábúrétọ̀ yín lójoojúmọ́. Ẹ mú míta iná dání, tàbí ẹni tó ní in: bàtìrì tó ń ka bíi 12 nígbà tí iná kú gbọ́dọ̀ gòkè sí nǹkan bíi 13.5 sí 14.5 tí ẹ bá fún ẹ́ńjìnnì níná díẹ̀. Tí kò bá gòkè, kì í ṣe bàtìrì ló bàjẹ́, ohun tó ń fún un níná ni, ìyẹn sì lówó lórí. Ẹ fọwọ́ pa ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì iwájú bóyá ọ́ìlì ń jò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹnì kan gùn ún lọ síwájú tààrà, kí ẹ̀yin dúró sẹ́yìn wò ó bóyá táyà méjèèjì wà lójú ìlà kan náà.

Mo sọ pé a máa padà sórí èyí tí ajórin gé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wo egungun alùpùpù náà láti ọrùn tí ọwọ́ ìdarí wà títí dé ibi tí táyà ẹ̀yìn wà. Mọ́dígáàdì tí wọ́n gé kò pa ẹnikẹ́ni lára. Àga tí wọ́n pààrọ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ bá ti rí ojú ìjórin lára egungun yẹn, tàbí tí wọ́n yọ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn tí wọ́n fi irin gígan dípò rẹ̀, ẹ dìde, ẹ dúpẹ́, ẹ máa lọ. Mi ò fẹ́ mọ iye tí wọ́n máa dín kù nínú owó rẹ̀.

Ìwé rẹ̀ ńkọ́? Alùpùpù tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1981 máa ń ní àmì mẹ́tàdínlógún lára egungun rẹ̀, níbi ọrùn. Tí àkọ́kọ́ bá jẹ́ J, Japan ni wọ́n ti ṣe é. Ìkẹwàá ló ń sọ ọdún rẹ̀: Y ni 2000, 1 ni 2001, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé 9 tó jẹ́ 2009, kó tó wá kan A fún 2010. Ẹni tó bá sọ fún yín pé 2008 ni, tí ẹ sì rí Y níbẹ̀, ẹ ti mọ irú èèyàn tí ẹ ń bá nájà. Àwọn àmì yìí gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lórí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù àti lórí rísíìtì mu lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá ti fi fáìlì ha á, ohun tí wọ́n jí ni. Ìpínlẹ̀ Ògùn wa bá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ pààlà, ọ̀pọ̀ nǹkan ló sì ń gba ọ̀nà igbó wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fi òfin de gbígbé ọkọ̀ gba bodè orí ilẹ̀. Ẹni tó tà á fún yín yóò ti lọ nígbà tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ yín.

Ẹ ṣe ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ lórúkọ ara yín, kì í ṣe kí ẹ máa gun nọ́ńbà olówó àkọ́kọ́ kiri. Láísẹ́ǹsì ti alùpùpù yàtọ̀ sí ti mọ́tò. Ipele A ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ń pè é. Ìwé adójútòfò tó ń bo ẹlòmíràn tí ẹ bá kọlù, òfin ló ní kí ẹ ní in. Ní ti akoto, ẹ̀yin tí ẹ rántí oṣù Kìíní ọdún 2009 yóò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí FRSC ní gbogbo ọlọ́kadà gbọ́dọ̀ máa dé e, àwọn kan lọ ń dé igbá àti agolo ọ̀dà. Àwa Yorùbá sì rèé, orúkọ igbá la kúkú ń pè é. Àmọ́ lórí máṣíìnì tó lè sá eré bíi ti mọ́tò ní ọ̀nà Ṣàgámù sí Bìní, akoto gidi ni kí ẹ rà. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ Èkó, ẹ rí i pé ìwé yín sọ agbára ẹ́ńjìnnì náà kedere, nítorí òfin tí wọ́n ṣe lórí ọ̀kadà níbẹ̀ lọ́dún 2012, 2020 àti 2022 ti mú kí wọ́n máa wo alùpùpù tìfura-tìfura.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Ká ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ náírà ni wọ́n pe alùpùpù kan. Tí ẹ bá ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ nìkan lọ́wọ́, ẹ ò tíì tó o rà. Ẹ jẹ́ kí ìdá mẹ́ta owó náà, ìyẹn ₦500,000, tún wà nílẹ̀ lọ́tọ̀ fún táyà, bàtìrì, ọ́ìlì, ṣéènì àti ìwé, nítorí kì í sí tòkunbọ̀ tí kì í béèrè nǹkan ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Tí mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ yẹn bá jẹ́ owó ọjà, tó ń yí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, tó sì ń mú ₦100,000 wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ₦400,000 lọ́dún ni ẹ ó máa san fún jíjókòó lórí alùpùpù yìí, yálà ó rìn tàbí kò rìn. Ẹni tó bá fi èrè tó ti yọ sọ́tọ̀ rà á, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Fàájì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ owó àjọ tí ẹ gbà lákọ̀ọ́kọ́, tí ẹ ṣì máa san oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe èrè, gbèsè ni.

Àwọn kan sọ pé àwọn máa fi pawó: ayàfọ́tò yóò yá a fún ìyàwó àti ọkọ, agẹrun yóò gbé e síwájú ṣọ́ọ̀bù kí àwọn ọmọkùnrin lè máa wọlé. Ó ṣeé ṣe. Ayàfọ́tò kan tí mo mọ̀ ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó ní òfin tirẹ̀: kọ́kọ́rọ́ kò gbọ́dọ̀ kúrò lápò òun, ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ jí, fọ́tò nìkan ni wọ́n ń yà. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ìwé adójútòfò aládàáni kì í sábà bo ohun tí wọ́n fi ń gbowó, ọmọ oníbàárà tó bá sì gbé e ṣubú, ẹ̀yin ni wọ́n máa wá bá. Ní oṣù tí kò bá sí òde, tí ẹ kò gùn ún, ẹ kún táǹkì kí ó má dípáta, ẹ fa epo inú kábúrétọ̀ gbẹ, ẹ tú okùn bàtìrì kan.

Aránṣọ wa rí táyà nígbẹ̀yìn. Ẹnì kan tó ń kó páàtì wá láti òkè òkun ló bá a mú un bọ̀. Méjì ló rà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan wà lẹ́sẹ̀ alùpùpù, èkejì ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀ lókè àjà ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ Àìkú ló ń gun ti ńlá. Láti Mọ́ńdè sí Sátidé, Boxer àlòkù kan ló ń gbé aṣọ oníbàárà kiri, ó sì sọ fún mi pé owó ẹ̀rọ ìránṣọ kejì ti ń pé.